Ẹ Yàgò fún Bẹ́ẹ̀lì: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tí Ẹ Ń Kọ Kóòdù

Àwọn kan nínú yín bi mí pé kí ló dé tí kóòdù wọn ń ṣe dáadáa lórí iṣẹ́ mẹ́wàá, tó sì ń dákú lórí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ọjà Kantamanto ní Accra ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi.

1. Ẹ kọ́kọ́ wá wo ọ̀nà àárín ìsọ̀. Òkìríkà ni wọ́n ń tà ní Kantamanto; obroni wawu ni àwọn ará Gánà ń pè é, aṣọ òyìnbó tó ti kú. Inú bẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìdì aṣọ ńlá, ni wọ́n ń dì í sí wá, ọ̀kan a sì máa wúwo tó nǹkan bíi kílò 55. Alábàárù ló ń gbé e láti ìdí ọkọ̀ lọ sí ìsọ̀. Kayayo ni wọ́n ń pè é níbẹ̀: kaya, ẹrù lédè Hausa, yoo, obìnrin lédè Ga. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin láti àríwá Gánà. Mo dúró ti ìsọ̀ kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan ń bọ̀: bẹ́ẹ̀lì lórí, ọrùn le gbagidi, kò lè wo ẹ̀gbẹ́, ó ń ké "Agoo! Agoo!" bí àwa náà ṣe ń kágò lẹ́nu ọ̀nà onílé. Ọ̀nà yẹn kò gbà ju ẹni méjì lọ. Òun àti ẹnì kejì ti kún un nígbà tí ẹnì kẹta gbé ẹrù tirẹ̀ kò wọ́n lójú, ni gbogbo wọn bá dúró. Ẹni tó dúró pẹ̀lú kílò 55 lórí kì í ṣe ẹni tó ń sinmi.

Bí ẹ bá rán iṣẹ́ 5,000 jáde lẹ́ẹ̀kan náà láì dúró de ọ̀kankan, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa dúró. Olúkúlùkù á di mẹ́mọ́rì mú, á di ìsopọ̀ mú, wọn ò sì ní tètè dé ìsọ̀.

2. Kì í ṣe iye tí ẹ lè rán ni kí ẹ fi díwọ̀n, ibi tó há jù ni. PostgreSQL, ibi ìpamọ́ dátà, máa ń gba ìsopọ̀ 100 bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà. Ẹ̀rọ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 25 ti kún un dẹ́nu, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó kọ 25 rò pé òun ti ṣe jẹ́jẹ́. Ẹ máa ka àwọn ẹ̀rọ yín yòókù mọ́ ọn.

3. Ẹ̀gbẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin Accra ni ọjà náà wà, ọ̀dọ̀ àwọn olójú irin náà sì ni orúkọ irinṣẹ́ tí a fi ń dín iye iṣẹ́ tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà kù ti wá. Semaphore ni ọ̀pá àmì tó ń sọ fún ọkọ̀ pé kó dúró tàbí kó kọjá. Dijkstra, ará Netherlands, ló mú un wọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Nọ́ńbà lásán ni: ẹni tó wọlé yọ ọ̀kan, ẹni tó jáde dá a padà, bó bá kan òdo, ẹni tó kàn á dúró. Ní Python, asyncio.Semaphore(10) ni, ẹ fi async with gbà á, kí àyè lè padà kódà bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Ọmọkùnrin kan gbé kóòdù tirẹ̀ wá bá mi. Semaphore wà níbẹ̀, kò sì dá ẹnikẹ́ni dúró. Mo wò ó títí. Àṣé inú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ti ń ṣẹ̀dá tuntun! Alábàárù kọ̀ọ̀kan ru ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ wá sọ́jà. Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe, kí gbogbo wọn jọ máa gbabẹ̀.

4. Ẹ̀yin oní-JavaScript, Promise.all kì í ṣe aṣọ́nà. Ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí iṣẹ́ ti gbéra. Ó kàn ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń dé ni.

5. Mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà yàtọ̀ sí mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí iṣẹ́ kan bá ń gba ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá, mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà ti di 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí nà mí rí. Mo ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà wa gba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, sáfà wọn dáhùn 429, ìyẹn ni pé ó ti pọ̀ jù. Kóòdù mi ò gbọ́. Gbogbo èyí tí wọ́n lé tún sáré padà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ̀bi mi sì ni. Ẹ ka Retry-After bí wọ́n bá fi ránṣẹ́. Bí kò bá sí, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 1, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 4, kí ẹ sì fi ìwọ̀nba àkókò tí kò dọ́gba lé e, kí gbogbo wọn má baà jọ padà dé.

6. Ní òru ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, iná sọ ọ̀pọ̀ ìsọ̀ Kantamanto di eérú, kí àwọn ọlọ́jà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn kò lè lo òṣùwọ̀n oṣù kejìlá. Sáfà ẹlòmíràn náà lè ṣubú lóru. Ẹ fi nọ́ńbà yín síbi tí ẹ ti lè yí i láì tún kóòdù gbé jáde.

7. Ẹ ṣírò kí ẹ tó sáré. Mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ogún ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. 5,000 á tán ní ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀. Ta ló ń lé yín? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 5, ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì níwọ̀n ìgbà tí iye tó ń tán bá ṣì ń pọ̀ sí i. Níbi tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ti ń pẹ́ sí i tí iye tó ń tán ò sì kúrò lójú kan, ẹ padà sẹ́yìn. Ẹ kọ nọ́ńbà náà pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ yàn án àti ìdí rẹ̀. Tèmi ṣì jẹ́ 8.