Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọmọ Tó Wú Tí Kò Sì Dùn Ún

Ní dìsípẹ́ńsárì wa ní Ajégúnlẹ̀, ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú kì í wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn, segede ni, tàbí eyín tí kòkòrò jẹ. Segede kì í pẹ́ lọ. Eyín tí kòkòrò jẹ a máa dun ọmọ dójú ẹkún.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ ni kókó tí kì í sábà dun ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje ni ó máa ń mú jù, ọkùnrin ju obìnrin lọ. Ẹ wo eyín rẹ̀ dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́fà a máa pààrọ̀ eyín iwájú, ṣùgbọ́n eyín ẹ̀yìn rẹ̀ kò yẹ kó máa mì. Bí ó bá ń mì, tí èrìgì wú, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń tóbi láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ má ṣe jókòó sílé. Nígbà mìíràn ẹyinjú a yọ síta, tàbí kí ikùn wú. Jẹjẹrẹ ni ó lè jẹ́, díẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ tó ń yára dàgbà tó o.

Dókítà Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ní Kampala, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1958. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é títí dòní. Ilẹ̀ tí ibà ẹ̀fọn ti pọ̀ bíi tiwa ló ti wọ́pọ̀ jù. Ó ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ òyìnbó. Kì í ṣe àfiṣe, ọmọ kan kì í sì í kó o ran òmíràn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa eyín náà tàbí sin gbẹ́rẹ́ sí i. Mo mọ̀ pé kápúsù rọrùn láti rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì láti Àpápá dé Bọ́ńdárì, ṣùgbọ́n bí ẹ ti ń ka ọjọ́ lórí kápúsù, kókó ń dàgbà.

Ojú lásán kò lè dá a mọ̀, tèmi náà kò lè dá a mọ̀. Ní ilé ìwòsàn ńlá Ìdí-Àràbà, tàbí UCH n'Íbàdàn, dókítà yóò gé díẹ̀ nínú rẹ̀, wọn yóò sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ìyá kan ní bí abẹ bá kàn án, yóò bínú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láìgé e wò, ta ni yóò mọ oògùn tó bá a mu?

Oògùn tí wọ́n ń fà sínú iṣan ni ìtọ́jú rẹ̀, kì í ṣe gígé àgbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni í sàn bí wọ́n bá tètè dé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà tilẹ̀ lè wálẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí: owó ti ń tán lọ, ọmọ ń ṣeré, òbí a sì gbé e lọ sílé láì gba abẹ́rẹ́ ìyókù. Bí ó bá tún wú, a máa le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà sọ̀rọ̀ owó kí ẹ tó dá abẹ́rẹ́ dúró.