Ìrònú Tí Ń Gba Oorun Lójú Ẹni

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń wá sí dispẹ́ńsárì wa pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, àìsùn àti àyà jíjá. A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, a kò ní rí ibà; ìrònú ni ó ń dà wọ́n láàmú. Oògùn ẹ̀fọ́rí nìkan kò lè wo irú èyí sàn. Olùdámọ̀ràn ni ó yẹ kí wọ́n rí, ẹni tí a kọ́ láti gbọ́ ìṣòro ènìyàn, kí ó sì bá a wá ọ̀nà.

Bí mo bá sọ èyí, ẹlòmíràn a ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ rò pé mo ya wèrè ni?” Rárá o. Obìnrin aláṣọ kan tí mo rán lọ gbà kí n sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀, kí n má sáà dárúkọ òun.

Ó ti rò pé wọn yóò fún òun lábẹ́rẹ́, tàbí kí wọ́n wàásù fún òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olùdámọ̀ràn ní kí ó ka gbogbo ohun tí ó ń dùn ún lọ́kàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi í pé, “Èwo ni ọwọ́ yín lè tó ní ọ̀sẹ̀ yìí?” Ó mú gbèsè. Wọ́n wo ọ̀nà mẹ́ta: kí ó máa sá fún olówó, kí ó yá owó mìíràn san án, tàbí kí ó lọ bẹ̀ ẹ́ kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó yan ìkẹta. Wọ́n dá ọjọ́, wọ́n sì fi ohun tí yóò sọ dánra wò. Olówó pariwo, ṣùgbọ́n ó gbà. Gbèsè náà kò tí ì tán títí di òní, ṣùgbọ́n ìyá yìí ti ń sùn.

Ní ìlú Harare ní Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà ní irú iṣẹ́ yìí ní ọdún 2006. Orí bẹ́ǹṣì ní àgbàlá ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ènìyàn. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ yá ju ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ.

Nítorí náà, bí ẹnìkan nínú ilé yín kò bá sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò jẹun dáadáa, tí kò sì fẹ́ rí ènìyàn mọ́, ẹ má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ mú un wá sọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ayé sú òun, tàbí pé ikú yá ju èyí lọ, ẹ má ṣe fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ kó oògùn àti májèlé kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ náà gan-an.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọlọ́run yóò fún wa ní àlàáfíà.