Bọ́ Ọmọ, Má Rọ Ọmọ

Bí obìnrin kan ní Ṣómólú, ní Èkó, bá sọ pé òun ti já ọmọ òun lẹ́nu ọmú, ohun kan ṣoṣo ni Yorùbá gbọ́: ọmọ náà kò mu ọmú mọ́. Ẹni tó já ewé lára igi, ewé náà kò sí lára igi mọ́. Jíjá kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń bẹ̀rẹ̀ lónìí tí a ó sì máa ṣe é díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan. Àwọn ìyá wa a máa fi oje ewúro pa orí ọmú, tàbí kí wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà fún ọjọ́ mélòó kan. Ọmọ á sunkún, á gbàgbé, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ó dùn mí nígbà tí mo rí ìwé ìléwọ́ kan ní àdúgbò wa tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ìyá já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú ní oṣù mẹ́fà. Mo mọ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Ó fẹ́ sọ pé kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ìbẹ̀rẹ̀ oúnjẹ àti òpin ọmú, òun ló sì gbé e wọ èdè wa láìwo ibi tó ń gbé e sí. Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀, ìyàsọ́tọ̀ náà sì lè dáàbò bo ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo, kí oúnjẹ wá kún ọmú títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tó bá ṣe ohun tí ìwé ìléwọ́ yẹn wí gan-an yóò fi ọdún kan àtààbọ̀ ọmú du ọmọ rẹ̀. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ni wọ́n ń fún ní ọmú nìkan. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ti tó, kò yẹ kí àṣìlò ọ̀rọ̀ tún gùn ún lẹ́yìn.

Nítorí náà, "Ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ" ni ká wí, tàbí "A ti ń fi oúnjẹ kún ọmú rẹ̀." Ẹ jẹ́ ká fi "já lẹ́nu ọmú" sílẹ̀ di ọjọ́ tí ọmọ bá kúrò lẹ́nu ọmú pátápátá.

Mo fẹ́ kí a tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa nítorí àṣà kan tí àwọn ìyá ọ̀dọ́ ní Bàrígà àti Ṣómólú ń bi ara wọn léèrè nípa rẹ̀. Gill Rapley, obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí àti olùbẹ̀wò ìlera, ló sọ ọ́ di olókìkí. Ìwé tí òun àti Tracey Murkett jọ kọ lórí rẹ̀ jáde ní 2008. Bí ọmọ bá ti tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, tó lè jókòó, tó lè na ọwọ́ mú nǹkan, kí a gbé oúnjẹ rírọ̀ síwájú rẹ̀, kó mú un fúnra rẹ̀, kó fi sẹ́nu, kó sì dáwọ́ dúró nígbà tó bá wù ú. Wọn kì í lọ oúnjẹ náà kúnná, wọn kì í sì í fi ṣíbí tì í sí i lẹ́nu. Ní èdè wa, ọmọ ń fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Ọ̀rọ̀ náà pé bẹ́ẹ̀, kò nílò orúkọ mìíràn.

Tiwa ńkọ́? Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni a ní fún bí oúnjẹ ṣe ń dé ikùn ọmọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń sọ ẹni tó ni agbára níbẹ̀.

Èkíní ni rọ. A ń rọ epo sínú ìgò, ohun tí a fi ń rọ epo la sì ń pè ní àrọ. Ìgò kò ní ẹnu tó fi lè kọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni rírọ ọmọ ṣe rí: ìyá á tẹ́ ọmọ sórí itan, á ká àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí ẹnu ọmọ, á da ẹ̀kọ sí i, ọmọ á sì gbé e mì nítorí pé kò sí ibòmíràn tí ẹ̀kọ náà lè gbà. Àwọn kan tilẹ̀ ń fún ọmọ nímú. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí wo bí àwọn ìyá ní ìpínlẹ̀ Kwara ṣe ń fún ọmọ lóúnjẹ, G. A. Oni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1991. Rírọ ọmọ wọ́pọ̀ níbẹ̀ gan-an. N kò ní pe àwọn ìyá wọ̀nyí ní ìkà. Obìnrin tó ní láti ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ mọ̀ pé rírọ yá ju ṣíbí lọ, ẹ̀rù sì ń bà á pé ebi yóò pa ọmọ tí òun bá fi í sílẹ̀ kó máa fi oúnjẹ ṣeré. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń rọ kò ráyè mọ ìgbà tí òun yó.

Irú iṣẹ́ ìwádìí yẹn ní Kwara ló bí oúnjẹ kan tí wọ́n sọ ní Ẹ̀kọ Ìlera: ẹ̀kọ àgbàdo tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà yíyan, epo pupa, ṣúgà àti ìyẹ̀fun ọkà tó ti hù kún. Mo fẹ́ràn orúkọ náà púpọ̀. Ìyá èyíkéyìí tó bá gbọ́ ọ yóò mọ ohun tó jẹ́ àti ohun tó wà fún. Ẹ sì kíyè sí i pé wọn kò pè é ní ògì. Ògì ni èyí tí a rẹ, tí a lọ̀, tí a sẹ́, tó ṣì wà ní tútù. Bó bá ti dé orí iná, ó di ẹ̀kọ. Ní Èkó lónìí, gbogbo wa ló ń sọ pé a mu ògì, ọ̀rọ̀ ẹnu kò burú, ṣùgbọ́n ìwé tí a fẹ́ fi kọ́ ìyá gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ̀kọ.

Èkejì ni bọ́. A ń bọ́ ọmọ, a ń bọ́ adìẹ, ọkùnrin sì ń bọ́ ìdílé rẹ̀. Ẹni tó ń bọ́ni ń pèsè ni. Ẹni tí a ń bọ́ ló ń ya ẹnu. Ìyá tó ń bọ́ ọmọ ń wo ojú ọmọ. Bí ọmọ bá yí orí padà, ó ti yó nìyẹn, ìyá á sì dá ṣíbí dúró. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ní 2003 nìyí: kí a fi sùúrù bọ́ ọmọ, kí a gbà á níyànjú, kí a má fipá mú un. Ẹ má gbàgbé àmì orí rẹ̀ o. Bọ́ ni fún oúnjẹ. Òrìṣà là ń bọ.

Ẹ̀kẹta ni jẹ, ọmọ ló sì ni ín. Òwe wa kò kúkú sọ pé ọmọ tí a bá bọ́ dáadáa ló ń bá àgbà jẹun. Ọmọ tó mọ ọwọ́ wẹ̀ ni. Ọwọ́ ọmọ ti wà nínú àwo tipẹ́tipẹ́ kí Rapley tó kọ ìwé. Ọmọ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwo àmàlà, tó ń fi ìka kan lá ewédú, kò ṣàjèjì ní ilé Yorùbá kankan.

Kí wá ni fífọwọ́ ara ẹni jẹun ń ṣe fún ọmọ bó bá dàgbà díẹ̀? Ní Dunedin, ní New Zealand, àwọn olùwádìí Yunifásítì Otago ṣẹ́ ìbò pín ìyá 206 sí ọ̀nà méjì. Èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Nígbà tí àwọn ọmọ pé ọdún kan, àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn jẹun kì í ṣa oúnjẹ jẹ tó àwọn yòókù, oúnjẹ sì ń dùn mọ́ wọn jù. Ṣùgbọ́n títí di ọdún méjì, ìwọ̀n ara wọn kò yàtọ̀, wọn kò sì mọ ìgbà tí wọ́n yó ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ní Swansea, ní ilẹ̀ Wales, Amy Brown àti Michelle Lee ti tẹ èsì mìíràn jáde ní 2015 pé àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ń mọ ìgbà tí wọ́n yó jù, wọn kì í sì í tètè sanra jọ̀kọ̀tọ̀. Ti Dunedin ni mo gbà jù, torí pé ní Swansea àwọn ìyá ló fúnra wọn yan ọ̀nà tí wọ́n fẹ́, kò sì sí ìbò láàárín wọn. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé fífọwọ́ ara ẹni jẹun kì í ṣe oògùn ìsanrajù. Ó ń ran ọmọ lọ́wọ́ kó má di aṣàjẹ, ìyẹn nìkan sì tó ìdí fún mi láti gbà á.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ìyá àgbà ni ọ̀fun ọmọ. Níbí, èdè wa mọ́ kedere. Bí ẹ̀kọ tàbí omi bá gba ọ̀nà òdì, tí ọmọ ń wúkọ́, a ní ó pá a lórí. Bí ègé nǹkan bá dúró sọ́nà, a ní ó há a lọ́fun. (Ẹ má jẹ́ kí "a" bọ́ nínú èkíní: "ó pá lórí" túmọ̀ sí pé apárí ni.) Rírọ ló ń mú kí ẹ̀kọ pá ọmọ lórí, ègé líle ló ń há a lọ́fun. Nínú ìwádìí Dunedin, nǹkan há ọmọ bí 35 nínú 100 lọ́fun ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn tó ń fọwọ́ jẹ àti àwọn tí à ń fi ṣíbí bọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ìyá àwọn ọmọ tó ń fọwọ́ jẹ nípa oúnjẹ tí kò yẹ kí ọmọ jẹ. Tiwa ni ẹ̀pà, àgbàdo sísè, àgbọn, ẹran tó yi àti ẹja tó ní egungun. Bí ọmọ bá ń wúkọ́ tó ń pariwo, ẹ fi í sílẹ̀ kó wú u jáde. Bí ohùn rẹ̀ bá pin, nǹkan ti há nìyẹn: ẹ da ojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí apá, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún, bí kò bá jáde, ẹ yí i padà, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹnìkan sì ti máa pe ilé ìwòsàn. Ẹ má fún un lómi.

Oúnjẹ tó yẹ kò jìnnà sí wa. Mọ́ínmọ́ín, ẹyin sísè, ẹ̀dọ̀ tó rọ̀, ànàmọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹja àwọn Ìlàjẹ etí omi Bàrígà tí a ti yọ egungun rẹ̀ dànù. Láti oṣù mẹ́fà, ara ọmọ ń fẹ́ ohun tó ń fún un ní ẹ̀jẹ̀, ẹ̀kọ lásán kò sì lè fún un.

Ẹ̀yin atẹ̀wé Ṣómólú, ọ̀dọ̀ yín ni ìwé ìléwọ́ púpọ̀ ní Èkó ti ń jáde. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́fà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ kún ọmú rẹ̀. Ẹ wẹ ọwọ́ rẹ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Ẹ bọ́ ọmọ, ẹ má rọ ọmọ." Bí kò bá sí àmì lórí "bọ́", ẹ dá a padà fún ẹni tó gbé e wá kó fi sí i kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.