Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ojú tí kò dunni

Ìbéèrè: Kotobabi, ní Accra, ni mo ń gbé. Ẹ̀jẹ̀ mi ga, ṣùgbọ́n ojú kò dùn mí rárá. Kí ló dé tí nọ́ọ̀sì fi ní kí n lọ rí dókítà ojú?

Ìdáhùn: Nọ́ọ̀sì yẹn ṣe yín lóore gan-an. Iwájú ẹyinjú kún fún iṣan tó ń mọ ìrora; ìdí nìyẹn tí eruku kékeré fi ń ta ni. Rẹ́tínà, awọ ẹ̀yìn ẹyinjú tó ń gba ìmọ́lẹ̀, kò ní irú iṣan bẹ́ẹ̀. Ó lè máa bàjẹ́ láìdunni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru lọ́dún dé ọdún, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ibẹ̀ á le, wọ́n á fún, òmíràn á tilẹ̀ jò. Sẹ́ẹ̀lì rẹ́tínà tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ kú, èyí tó bá sì kú kì í hù padà.

Láti 1851 tí Helmholtz, ará Jámánì, ti gbé awò tí a fi ń wo inú ojú jáde ni àwọn dókítà ti ń rí òpó wọ̀nyí láìfi abẹ kan ẹnikẹ́ni. Ní Accra yín níbẹ̀, ilé ìwòsàn Korle Bu ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín sílẹ̀ nítorí pé ara le. Bí ojú kan bá ṣàdédé ṣókùnkùn, ẹ sáré lọ lójú ẹsẹ̀, kódà bí kò dùn yín.