ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Puri, Ìlú Mímọ́ Létí Òkun

Ìrìn-àjò mímọ́ ni èyí tí olùjọ́sìn ń rìn lọ sí ibi tí ẹ̀sìn rẹ̀ kà sí mímọ́. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní irú ibi bẹ́ẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Char Dham, káàkiri ilẹ̀ Íńdíà. Puri, ní ìpínlẹ̀ Odisha, ni ti ìlà-oòrùn.

Àpẹẹrẹ: Ká ní olùjọ́sìn kan dé Puri láàárọ̀. Ó lè kọ́kọ́ lọ wẹ̀ nínú òkun. Fi èyí sọ́kàn dáadáa: etíkun tí àwọn mìíràn ti ń gbatẹ́gùn, ibi ìwẹ̀nùmọ́ ni lójú tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò forí lé tẹ́ńpìlì òrìṣà Jagannath, tí wọ́n ti kọ́ láti ọ̀rúndún kejìlá. Ẹni tí kì í ṣe Híńdù kì í wọ ibẹ̀. Ìta ni yóò ti wò ó, ó sì yẹ kí ó bọ̀wọ̀ fún òfin náà.

Bó bá jẹ́ àsìkò ọdún Rath Yatra ni olùjọ́sìn náà dé, ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, yóò rí ère Jagannath, ti Balabhadra ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ti Subhadra àbúrò wọn obìnrin, lórí ọkọ̀ onígi gàgàrà mẹ́ta. Ti Jagannath ní àgbá kẹ̀kẹ́ 16, ti Balabhadra 14, ti Subhadra 12. Okùn ni ogunlọ́gọ̀ èèyàn fi ń wọ́ wọn lọ sí tẹ́ńpìlì Gundicha, nǹkan bíi kìlómítà 3. Ọdọọdún ni wọ́n ń kan ọkọ̀ wọ̀nyí ní tuntun.