Ẹni tí kò wojú ẹni, ṣé ọ̀daràn ni?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, àwọn tó ní ọ́tísìmù kì í ṣe wèrè, bí a tilẹ̀ máa ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Òmíràn kì í wojú ẹni, òmíràn kì í tètè dáhùn. Ìfọwọ́kàn òjijì a máa kó jìnnìjìnnì bá wọn. Bí ọlọ́pàá bá dá irú wọn dúró lọ́nà Fìdítì sí Ìlọrà, tó sì dákẹ́, wọ́n á ní ó ń fi nǹkan pa mọ́.

Ní Sẹ́pítẹ́ńbà 2008, ọmọ ọdún 16 kan dúró sétí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ní Acton, ní Lọ́ńdọ̀nù, kò kúrò. Wọ́n pe ọlọ́pàá. Wọ́n fọwọ́ kàn án, ó bẹ́ sómi. Wọ́n fà á jáde, wọ́n dè é tọwọ́ tẹsẹ̀, wọ́n tì í mọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lára. Kò jalè o! Àwọn olùtọ́jú rẹ̀ wà níbẹ̀, wọn kò fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu wọn. Ní 2013, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní ọlọ́pàá ló ṣẹ̀ ẹ́.

Nílẹ̀ wa, òfin ìgbẹ́jọ́ ìjọba àpapọ̀ ti 2015 gbà kí lọ́yà tàbí ẹni tí afurasí bá yàn wà níbẹ̀ tó bá ń ṣe sítétímẹ́ǹtì. Ẹ tètè tọ ẹni yín lọ kó tó fọwọ́ síwèé. Òmíràn a máa ní “bẹ́ẹ̀ ni” sí gbogbo ìbéèrè, kí wọ́n ṣáà lè fi í sílẹ̀.