Owó Oòjọ́ fún Ẹni tó ń Rìnrìn Àjò Lọ sí Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀ràngún, ọmọ Ìgbómìnà, tí ẹ ń gbèrò àtigba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kí ẹ tó dẹrù, ẹ jókòó pín owó yín sí oòjọ́, torí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti so sẹ́fà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ mọ́ Yúrò, Yúrò kan sí nǹkan bí 656 sẹ́fà. Náírà tiwa ni kì í dúró sójú kan, nítorí náà sẹ́fà ni kí ẹ fi ṣírò. Ọ̀kadà aláṣọ ìyeyè ti Kútọnu ló ń jẹ owó àlejò: ẹ ná an kí ẹ tó gùn ún, ẹ má sì na ìwé owó 10,000 sẹ́fà sí ọlọ́kadà. Ní Àjàṣẹ́ ní tirẹ̀, ẹ sáà fi Yorùbá nájà, torí ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ ọ níbẹ̀. Níwọ̀n bí àjò kì í ti í dùn kí onílé má relé, ẹ rán owó ìpadàbọ̀ mọ́ inú ẹ̀wù lọ́tọ̀, kí ẹ tó kúrò ní Ìlá.